Àwẹ̀ró àti Ìrẹ̀ Inú Ògiri

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi ta kọ̀ọ́, ó ta kọ̀ọ́, ó dá lórí Àwẹ̀ró amọ̀kòkò.

Ìlú òkèèrè ni wọ́n ti gbé Àwẹ̀ró níyàwó. Kò pẹ́, ọkọ rẹ̀ kú. Nígbà tó ṣọ̀fọ̀ tán, ó mọ ìkòkò mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí a kò sun, amọ̀ lásán ni, òjò àkọ́rọ̀ sì ń bọ̀. Ní ọjọ́ kejì ọjà ni àwọn obìnrin ìlú ọkọ rẹ̀ máa ń to igi, tí wọ́n ń sun ìkòkò pa pọ̀ ní ẹbu. Àwẹ̀ró jókòó, ó ń retí kí wọ́n wá pe òun. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Àárò ènìyàn ń sọ ọ́.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń lọ sun ún, wọ́n ru ìkòkò kọjá lójúde rẹ̀, wọn kò yà. Ìrẹ̀ tó ń gbé inú ihò ògiri rẹ̀ ní, "Wọ́n kórìíra rẹ ni." Ló bá dá orin. Ẹ gbè é kó dún o, ẹ ò kúkú fi amọ̀ sẹ́nu:

Àwẹ̀ró, wọn ò fẹ́ ọ
*Kíríkírí*
Àwẹ̀ró, wọn ò pè ọ́
*Kíríkírí*
Jókòó sílé rẹ
*Kíríkírí, ké!*

Àwẹ̀ró sunkún.

Nígbà tí ọjà mìíràn ná tán, wọ́n tún kọjá. Ìrẹ̀ ní, "Wọ́n ní ìwọ lo pa ọkọ rẹ." Ó tún kọrin. Àwẹ̀ró kò lè jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀ láti padà sílé bàbá rẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀rín sọ lọ́nà, kèékèé. Ìrẹ̀ ní, "Ìwọ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín."

Inú bí Àwẹ̀ró. Ó ní, "Ìrẹ̀, inú ihò lo wà láti àárọ̀. Ibo lo ti rí wọn? Ta ló sọ fún ọ?"

Ìrẹ̀ ní, "Mo rò ó ni."

"O rò ó?" Àwẹ̀ró gbé ìkòkò kan. Ó gba ẹbu lọ.

Bó ṣe dé, gbogbo wọn yíjú sí i. Ìyá Ògúnṣeéyè, àgbà wọn, ní, "Àwẹ̀ró, ṣé o ti ṣọ̀fọ̀ tán? Ní ìlú tiwa, a kì í pe opó síṣẹ́, fúnra rẹ̀ ní í jáde. Wo àárín igi tí a tò fún ìkòkò yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti fi àyè rẹ sílẹ̀."

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Wọ́n bá a lọ ru márùn-ún tó kù wá, wọ́n sì sun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ mọ́ tiwọn.

Ìrẹ̀ ò dákẹ́ ṣá o. Bó bá ti ké, Àwẹ̀ró á ní, "O rí i ni, àbí o rò ó?"

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ yìí kọ́ wa pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ọkàn ẹni ń sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ní ẹnikẹ́ni ò fẹ́ yín, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i, kí ẹ sì jáde lọ wò ó. Bí mo bá parọ́, kí Ìrẹ̀ kọrin sí mi létí di ọ̀la.