Alákàn, Fóòmù àti Ọ̀fun Baba Pọ́ńpù

Ẹ jẹ́ n mí ná. Nǹkan kan gbá mi lẹ́sẹ̀ mú létí gọ́tà lọ́hùn-ún, mo sáré, bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀ délé. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Mo mọ nǹkan tó mú mi. Àlọ́ ẹ̀ ni mo fẹ́ pa, kíá kíá. Ẹ súnmọ́ ẹnu ọ̀nà níbí. Màámi, ẹ̀yin náà, ẹ súnmọ́.

Àlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Àlọ́ mi já gìrì, kò já lé ẹyẹ, kò já lé ẹran ìgbẹ́, ó já lé Alákàn tí ikùn ẹ̀ kì í kún.

Ní ìgbà kan rí, ilé dígí kan wà ní pálọ̀ ọkùnrin olówó kan. Omi ló kún inú ẹ̀, yanrìn wà nísàlẹ̀. Ẹja Àrọ̀ ń gbébẹ̀, Edé ń gbébẹ̀, Ìṣáwùrú àti Alákàn náà ń gbébẹ̀. Baba Pọ́ńpù wà nínú àpótí nísàlẹ̀ ilé. Omi tí wọ́n bá ti lò á gba inú páìpù ṣàn lọ bá a, á gbé e mì, á tú u padà sókè ní tútù. Tọ̀sán-tòru.

"Yanrìn ò gbọdọ̀ dé ọ̀fun mi o!" Ohun tó ń sọ lójoojúmọ́ nìyẹn.

Torí ẹ̀ ni wọ́n fi fóòmù dí ẹnu páìpù. Omi á kọjá, yanrìn ò ní kọjá. Wọ́n wá ń ṣe àáró: lónìí Edé á fọ fóòmù, á kó yanrìn kúrò lẹ́nu páìpù, lọ́la ó di ti Àrọ̀. Oúnjẹ tó bá lẹ̀ mọ́ fóòmù, ti ẹni tó fọ̀ ọ́ ni. Ohun tó wọ Alákàn lójú nìyẹn.

"Ẹ sinmi," ó ní. "Ẹ fi àáró yín fún mi. Ṣé ẹ rí ọwọ́ mi yìí? Iṣẹ́ ni wọ́n fi dá a."

Ìṣáwùrú ní, "Ìwọ tó máa ń sùn nígbà tó bá kàn ọ́?"

"Ìwọ dákẹ́! Kí ìwọ tó dé ẹnu páìpù, ilẹ̀ ọ̀la á ti mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Ẹ wò wọ́n! Wọ́n tún ń dúpẹ́!

Alákàn jẹ, ó yó, kò tó o. Ó gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, ó fi ṣe àká, ó ń kó oúnjẹ pamọ́. Kí wọ́n má baà gbóòórùn ẹ̀, ó yọ fóòmù, ó fi dé ẹnu àká. Yanrìn tó ń gbẹ́ jáde ńkọ́? Inú páìpù ló ń lọ.

Baba Pọ́ńpù figbe ta:

Ta ló ṣílẹ̀kùn fún yanrìn?
*Gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀!*
Ó wọ̀ mí lọ́fun, ó wọ̀ mí léyín,
*Gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀!*
Ẹ wá bá mi yọ ọ́ o,
*Gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀!*

Ẹ gbè é dáadáa! Àbí oorun ti ń kùn yín ni?

Àrọ̀ sáré lọ bá Alákàn. Àrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Òun lè gòkè lọ gba atẹ́gùn, àwọn ọmọ ẹ̀ ò tíì lè ṣe é. Bí omi bá dúró, wọ́n kú nìyẹn.

"Alákàn, fóòmù dà?"

"Ó wà ńbẹ̀."

"Níbo?"

"Ibi tó máa ń wà! Obìnrin onírùngbọ̀n, lọ tọ́jú ọmọ ẹ. Ikọ́ àgbà ni Baba ń hú."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Baba Pọ́ńpù fi ní "gẹ̀rẹ̀... gẹ̀..." Ó dákẹ́. Omi dúró gbagidi. Àwọn ọmọ Àrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yanu. Alákàn ńkọ́? Ó sá wọnú àká, ó ń ṣọ́ oúnjẹ! Oúnjẹ o!

Inú bí Àrọ̀. Ó fi ìrù na ilẹ̀, gbì! Àká tí wọ́n gbẹ́ sínú yanrìn, ṣé ìyẹn lè dúró ni? Ó wó lé Alákàn lórí.

"Ẹ gbà mí o! Ìyá Àrọ̀, ẹ ṣàánú mi!"

Edé ní, "Ẹ ò rí i? Onírùngbọ̀n ti di Ìyá."

Wọ́n fà á jáde. Fóòmù tẹ̀lé e, ó há sí i lọ́wọ́.

Àrọ̀ gba fóòmù. Ó ní, "Wọnú páìpù. Ọwọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ dá, lọ fi yọ yanrìn lọ́fun Baba."

Páìpù há. Ẹ̀gbẹ́ ni Alákàn fi wọ̀ ọ́. Ó ń ṣa yanrìn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀fun Baba bá ti là díẹ̀, èébú ló ń tibẹ̀ jáde: "Ó kù! Ó kù lápá òsì! Olójúkòkòrò, má gún mi!" Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn kúrò, Baba ò tiẹ̀ dúró kí Alákàn jáde. Ó fà, ó tu! Alákàn fò kọjá orí ilé dígí, ó balẹ̀ pàà, ó yí gba ẹnu ọ̀nà lọ sínú gọ́tà. Omi tútù bọ́ sórí àwọn ọmọ Àrọ̀. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Alákàn ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ibikíbi tó bá wà, yanrìn ló ń kó jáde nínú ihò. Ó ṣì rò pé ọ̀fun Baba lòun wà.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ sinmi, òun á bá yín ṣe àáró yín, ẹ bi í pé kí ló rí níbẹ̀. Ẹni tó torí ikùn ẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún yanrìn, gbogbo ilé ló fẹ́ fún lọ́rùn pa.

Ó tán... Ẹ gbọ́ yẹn? Gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Níta ni. Ẹ wọlé! Ẹ wọlé, ẹ má wẹ̀yìn! Bàtà mi tó kù níta, kí Alákàn máa mú un lọ, kó fi dé àká. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ìdábùú há a. Mo jókòó.