Gbòǹgbò Tí Ó Ń Jinná

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ súnmọ́ mi dáadáa, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nínú Igbó Aròyìn, nítorí ẹni tí owú ti jẹ rí ni ó mọ̀ pé iná owú gbóná ju iná ààrò lọ.

Ní ọdún tí odò ìlú wa gbẹ, ọba rán mi kí n lọ gé gbòǹgbò ńlá tí ó dí ojúsun omi náà nínú igbó. Gbòǹgbò abàmì ni: bí ẹni tí ń gé e bá gbójú kúrò lára rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ibi tí àáké ti gé a jinná, iṣẹ́ a sì di àkọ́bẹ̀rẹ̀. Mo fi Àwẹ̀ró, àfẹ́sọ́nà mi, sílẹ̀ nílé. Mo sì fi Ọdẹ́yalé sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, ọdẹ ẹgbẹ́ mi tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọmọbìnrin náà.

Mo ti gé gbòǹgbò náà dé ìdajì nígbà tí iwin kan sọ̀kalẹ̀ láti orí igi, tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, tí ẹnu rẹ̀ wà ní ìpàkọ́. Ó kọjá níwájú mi, ó lọ dúró sẹ́yìn mi.

"Ọdẹ, o kú iṣẹ́," ni ó wí. "Aròyìn-má-parọ́ ni èmi. Ọdẹ́yalé pa erin lánàá, gbogbo ìlú ni ó ń kì í."

"Kí ó máa jẹ ẹran rẹ̀," ni mo dáhùn, ṣùgbọ́n àyà mi ti ń gbóná.

"Àwẹ̀ró ni ó ń bá a sè é. Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Yíjú wò wọ́n nínú dígí mi."

Áà! Owú bù mí jẹ bí ìjàlọ. Ọrùn mi ń yí fúnra rẹ̀, mo sì fi ẹ̀bá ojú rí i tí gbòǹgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu dé bí egbò. Mo rántí pé ẹni tí ó lé eku méjì a pòfo, mo bá di àáké mú. Mo pariwo "Ọdẹ́yalé!" mo gé e, mo pariwo "Àwẹ̀ró!" mo gé e, títí omi fi tú jáde, tí ó gbá mi lulẹ̀, tí ó sì gbé iwin náà lọ tòun ti dígí rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, tọmọdé tàgbà ń jó nínú omi, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ìròyìn náà. Àwẹ̀ró ti di ìyàwó Ọdẹ́yalé.

"Àwẹ̀ró, o kò lè dúró dè mí?"

Ó dorí kodò. "Ẹ má bínú. Ẹ ti pẹ́ jù nínú igbó, Ọdẹ́yalé sì ní ó ti gbé yín mì."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí mo bá ti yíjú, ǹ bá ṣì pàdánù Àwẹ̀ró síbẹ̀, òùngbẹ ì bá sì pa ìlú. Mo ṣì ń jowú títí di òní olónìí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ tí iṣẹ́ líle wà níwájú rẹ, owú lè jẹ ọ́ ní àyà. Má jẹ̀ẹ́ kí ó jẹ ọ́ ní ojú.