Lẹbẹ Alàgbà Láníyọnu

Alàgbà Láníyọnu ti ìlú Ìdó-Ọ̀pẹ kì í gba ohunkóhun gbọ́ àfi èyí tí ó bá kọ́kọ́ gbé lọ́wọ́. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n gbogbo ọjà. Bí ó bá gbé iṣu sókè, tí ó mì ín lẹ́ẹ̀mejì, tí ó ní, "Èyí ní ara nínú," kò sí ẹni tí yóò tún un yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ra ọkọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ra aṣọ òkè. Wọ́n tilẹ̀ ní nígbà tí wọ́n gbé àkọ́bí rẹ̀ fún un, ó kọ́kọ́ mì ín wò kí ó tó bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá wúwo ló dára. Ohun tó bá fúyẹ́, ayédèrú ni.

Ọmọ ẹ̀bá omi ni Ìyá Ṣọlápẹ́, ìyàwó rẹ̀. Ilẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n bí i sí, ó sì mọ ìlúwẹ̀ẹ́ kí ó tó mọ ìrìn. Nígbà tí Láníyọnu lọ fẹ́ ẹ, ó ṣèlérí pé àwọn yóò jọ máa lúwẹ̀ẹ́. Iṣu kò gbà. Ọdún ń gorí ọdún, obìnrin náà bá ọkọ rẹ̀ kọ ebè títí orí rẹ̀ fi funfun, omi tó jìn jù tí wọ́n jọ fẹsẹ̀ bọ̀ kò sì ju kòtò ojú ọ̀nà oko lọ. Nígbà tó yá, Ṣọlápẹ́, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní òun fẹ́ mú àwọn méjèèjì lọ lo ìsinmi ní erékùṣù kan tí omi òkun rẹ̀ mọ́ gaara, tí èèyàn lè dojú bolẹ̀ lórí omi kí ó máa wo ẹja nísàlẹ̀. Inú ìyá dùn, ṣùgbọ́n ó pe ọkọ rẹ̀ jókòó.

"Baba Ṣọlápẹ́," ó ní, "ẹ bá mi wọ inú omi yìí, kí a jọ wo ẹja. Bí ẹ bá lọ jókòó sí etí omi tí ẹ̀ ń wò mí, n kò ní bẹ̀ yín mọ́ láyé."

Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló sọ ọ́. Èyí gan-an ló ba Láníyọnu lẹ́rù, nítorí obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ní Èkó, Ṣọlápẹ́ mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ra awò ojú, wọ́n ra ọ̀pá tí a fi ń mí, ó wá ku lẹbẹ, ìyẹn bàtà rọ́bà pẹlẹbẹ tí àwọn olúwẹ̀ẹ́ ń wọ̀ kí ẹsẹ̀ wọn lè máa gbá omi bí ìrù ẹja. Ọmọbìnrin tó ń tajà gbé oríṣi kan jáde, kúkúrú, ó fúyẹ́. Ó ní èyí ni àwọn tó ń lọ ìsinmi máa ń rà, nítorí kì í gba àyè nínú àpò, kì í sì í dá ẹsẹ̀ lágara. Ìyá Ṣọlápẹ́ mú tirẹ̀. Láníyọnu gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó mì ín lẹ́ẹ̀mejì, ó fajú ro.

"Ìyá Ṣọlápẹ́, èyí kò ní ara nínú. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fẹ́ tà fún ọ."

Ó wo orí pẹpẹ títí ó fi rí lẹbẹ dúdú kan tó gùn tó apá, tó sì nípọn, èyí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ òkun ń lò. Ọlọ́jà ṣàlàyé, Ṣọlápẹ́ bẹ̀bẹ̀. Láníyọnu mì ín lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, ó rà á. Ojúlówó nìyí.

Ní pápákọ̀ òfurufú, àpò Láníyọnu wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ní kí ó dín in kù. Ó yọ bàtà, ó yọ èlùbọ́, ó yọ agbádá tí ó fẹ́ fi ya fọ́tò. Lẹbẹ kò kúrò níbẹ̀. Ìyá Ṣọlápẹ́ kàn ń wò ó. Ó ní ẹnu òun kò sí nínú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé erékùṣù, ọkọ̀ kékeré kan gbé wọn lọ sí ibi tí ẹja wà. Gbogbo wọn wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, wọ́n bọ́ sómi, wọ́n na gbalaja, wọ́n dojú bolẹ̀. Láníyọnu náà bọ́ sómi, ṣùgbọ́n ẹ̀wù ń fà á sókè, lẹbẹ ń fà á sísàlẹ̀. Kò rì, kò sì lè na gbalaja. Ó kàn dúró ṣánṣán láàárín òkun bí òpó. Pẹ̀lú gbogbo awò tó wà lójú rẹ̀, kò rí ẹja kankan, àfi ojú ọ̀run àti ọlọ́kọ̀ tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, iṣan fà á. Ó gbé òsì, ìyẹn náà dáhùn.

Ìyá Ṣọlápẹ́ rí ẹja abilà kan, ó gbójú sókè láti fi han ọkọ rẹ̀, òpó ló rí. Ó lúwẹ̀ẹ́ lọ bá a.

"Ẹ kò wo ẹja ni?"

"Mò ń sinmi ni," Láníyọnu dáhùn, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ṣé ìsinmi kọ́ la wá ṣe?"

Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rín ti fẹ́ tán níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́sí padà wá sí i lọ́kàn. Ojú tì í, àánú obìnrin náà sì ṣe é.

"Ìyá Ṣọlápẹ́," ó ní, "ẹsẹ̀ mi kò gbé e."

Obìnrin náà bọ́ ẹ̀wù tirẹ̀, ó fi kọ́ ọkọ rẹ̀ lápá, ó mí kanlẹ̀, ó wọ abẹ́ omi lọ, ó sì bọ́ lẹbẹ náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èkíní yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba ìsàlẹ̀ òkun lọ tààrà. Èkejì tẹ̀lé e. Ó wá bọ́ tirẹ̀ tó fúyẹ́, ó fi wọ ọkọ rẹ̀. Òun alára kò kúkú nílò lẹbẹ.

Lójú ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ Láníyọnu gbéra sókè. Ó na gbalaja, ó dojú bolẹ̀, ó sì rí wọn: ẹja pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹja abilà, ẹja wẹ́wẹ́ tó ń lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìyá Ṣọlápẹ́ mú un lọ́wọ́, wọ́n jọ ń lọ, ó sì ń pariwo ayọ̀ nínú ọ̀pá ìmí rẹ̀ bí akọ màlúù. Ọlọ́kọ̀ pè wọ́n títí kí wọ́n tó padà. Inú ìyá dùn débi pé ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọkọ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ìdó-Ọ̀pẹ, Ọdẹ́jayé, ọ̀rẹ́ Láníyọnu, bèèrè lẹbẹ ojúlówó tí gbogbo ìlú ti gbúròó. Láníyọnu ní òun fi í sílẹ̀ fún òkun, kí òkun náà mì ín wò. Lọ́jọ́ ọjà, Ọdẹ́jayé gbé bàtà oko kan lórí àtẹ, ó mì ín lẹ́ẹ̀mejì, ó ní èyí ní ara nínú. Láníyọnu gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó ní kí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ rìn dé ìdí igi ọ̀hún ná. Àwọn ọlọ́jà yíjú sí i, nítorí wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tó sọ tẹ̀lé e kò sì bọ́ sílẹ̀ mọ́ títí dòní. Bí òbí kan bá ń fi agídí yan ọkọ fún ọmọ rẹ̀ láìbi ọmọ náà léèrè, àwọn àgbà Ìdó-Ọ̀pẹ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rán an létí lẹbẹ Láníyọnu, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ ọjà náà pa òwe fún un pé: ọwọ́ kọ́ là á fi wọn ẹrù ẹsẹ̀.