Ìdí Tí Afẹ́fẹ́ Fi Ń Sunkún Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Nígbà láéláé, nígbà tí Afẹ́fẹ́ ṣì ní ilé bí ẹni gbogbo, àáró ni àwọn ẹranko fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, àáró ni pé kí n bá ọ ṣe tìrẹ lónìí, kí o bá mi ṣe tèmi lọ́la. Ẹni tó bá pa ọjọ́ rẹ̀ jẹ, wọn yóò lé e kúrò nílùú.

Iṣẹ́ Afẹ́fẹ́ ni láti fẹ́ ọkà bàbà, kí ìyàngbò lè fò lọ. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, kì í sì í béèrè oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kò lè dá ọjọ́. Bí èémí rẹ̀ bá dé, ó dé. Bí kò bá dé, kò sí ohun tó lè ṣe sí i.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lé e, Ẹtu abiyamọ, aládùúgbò rẹ̀, lọ bẹ Erin ọba. Ó ní kí wọ́n fi òfin gbè é: ọjọ́kọ́jọ́ tó bá dé, kí gbogbo ilé gbé ọkà síta, kí wọ́n sì kọ́ àká ńlá, kí ọkà tí Afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ mọ́ lè dúró de ọjọ́ tí kò bá wá. Erin gbà. Ìlú yó.

Iná nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Òun náà lè jó ìyàngbò dànù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkà tó bá fọwọ́ kàn máa ń ní òórùn èéfín.

"Ìgbà wo lẹ pè mí tí n kò jẹ́?" ni Iná wí fún wọn. "Ẹ ṣá jókòó, kí ẹ máa retí Afẹ́fẹ́ yín tí kò lọ́jọ́."

"Igi lò ń jẹ, Iná," ni Ẹtu fèsì. "Igi á sì tán."

Wọ́n fi Ẹtu rẹ́rìn-ín, nítorí igbó kún nígbà náà. Wọ́n fagi lé òfin, wọ́n wó àká, wọ́n fi igi rẹ̀ bọ́ Iná. Erin sì kéde pé ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún Afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, wọn yóò lé olúwarẹ̀ àti Afẹ́fẹ́ kúrò nílùú.

Kò pẹ́, èémí Afẹ́fẹ́ dé lọ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ń kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Ẹtu.

"Ìyá, èmi ni. Ẹ gbé ọkà síta."

Ẹtu di ìdábùú ilẹ̀kùn mú. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń sùn. Ó jọ̀wọ́ ìdábùú náà, ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Àbí ẹ ò sí nílé ni?"

Afẹ́fẹ́ kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, ó lọ.

Nígbà tó yá, igi tán nínú igbó. Iná kò sì mọ ebi í pa mọ́ra. Òrùlé ló kọ́kọ́ jẹ, ó wá jẹ ìlú tán. Àwọn ẹranko sá wọ igbó. Ẹtu ń pe Afẹ́fẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há, kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ.

Láti ọjọ́ náà ni Afẹ́fẹ́ kò ti ní ilé mọ́, tó sì ń sunkún lẹ́nu ilẹ̀kùn tó bá wà ní títì. Láti ọjọ́ náà sì ni Ẹtu kò ti sùn wọra. Bí ewé kan bá mì, á na etí, á dìde dúró, á rò pé Afẹ́fẹ́ ló tún ń pe òun.