Ìyá tí Kì í Pe Orúkọ Àkọ́bí Rẹ̀

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, kò dúró, kò jókòó, ó dá lórí Dèlú, ìyàwó Ọdẹ́tọ́lá.

Ọmọ Kánò ni Dèlú. Bàbá rẹ̀ a máa kó kánún wá sí ìlú Ìgbópé, a máa ra obì lọ sílé. Ibẹ̀ ni Ọdẹ́tọ́lá ọdẹ ti rí i, tó fi fẹ́ ẹ. Ó bí Ọdẹ́jídé, àkọ́bí rẹ̀. Nílé Dèlú ní Kánò, ìyá kì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Ohun ìtìjú ni. Orin ló fi ń pe tirẹ̀. Ẹ bá mi gbè é. Ìwọ tó ń tòògbé yẹn, mo rí ọ o!

Ọmọ tó jáde, padà wá o,
*Jàǹjálá!*
Iná ti ràn, ọbẹ̀ ti jinná,
*Jàǹjálá!*
Èmi tó bí ọ ló ń pè ọ́,
*Jàǹjálá!*

Gìrì gìrì gìrì, ọmọ ti dé.

Ṣùgbọ́n inú ìyá ọkọ rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ní, "Orúkọ ará ilé ọkọ ni ìyàwó kì í pè. Èwo ni ti orúkọ ọmọ? Àbí o ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, Ìyá."

"Ó dáa, pè é kí n gbọ́!"

Dèlú yanu, orúkọ ò jáde. Ó tún yanu, ẹkún ló jáde. Ni ìyá ọkọ bá ká ẹní ọmọ, ó gbé e lọ sí yàrá tirẹ̀, ó ní ọ̀dọ̀ òun ni ọmọ yóò máa sùn.

Láti ọjọ́ náà, ara Dèlú ò balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á tún jókòó.

Àṣé Ìkookò wà lẹ́yìn odi, ó ń kọ́ ohùn àwọn ìyá. Ó fi ohùn ìyá Àkànní pe Àkànní. Àkànní sáré lọ, a ò rí i mọ́. Ó fi ohùn ìyá Oyèéwùmí pe Oyèéwùmí. A ò rí òun náà mọ́. Ìlú dàrú. Gbogbo ìyá ń ké orúkọ ọmọ wọn kiri, Ìkookò ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, hẹ̀ hẹ̀ hẹ̀!

Ó wá kan Ọdẹ́jídé. Ìkookò mú ohùn Dèlú nínú orin, ó mú orúkọ lẹ́nu ìyá àgbà, ìyá ọkọ Dèlú, ó so wọ́n pọ̀.

Lọ́sàn-án gangan, Dèlú ń gúnyán, gbì, gbì, gbì. Ó ṣàdéédéé gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú igbó: "Ọdẹ́jídé o! Ọdẹ́jídé, máa bọ̀!"

Ọmọ-odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yéè! Ta ní ń fi ohùn mi pe ọmọ mi?"

Ó fi eré sí i. Ọdẹ́tọ́lá gbá ọrun mú, ìyá ọkọ gbá aṣọ mọ́dìí, wọ́n tẹ̀ lé e.

Ọmọ wà lórí igi iyeyè tó ti ń ká èso, ó di ẹ̀ka mú pinpin. Ìkookò lúgọ nísàlẹ̀, ó pè é lẹ́ẹ̀kíní, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ ò jẹ́. Ọdẹ́tọ́lá ta ọfà, fìù! Ìkookò ṣubú, ó kú. Ni Dèlú bá kọrin:

Ọmọ tó jáde, padà wá o,
*Jàǹjálá!*

Wàrà, ọmọ sọ̀kalẹ̀, ó dì mọ́ ọn.

Ìyá àgbà ní, "Kí ló dé tí o ò fi jẹ́ ẹ?"

"Ó ń pe orúkọ mi, Ìyá àgbà. Ìyá mi kì í pe orúkọ mi."

Ojú ti ìyá àgbà. Nígbà tí wọ́n délé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ẹní ọmọ padà sí yàrá Dèlú. Ó ní, "Ìyàwó mi, má bínú. Gba ọmọ rẹ."

Àlọ́ mi kọ́ wa pé kí a má ṣe fi àṣà ilé tiwa wọn ìfẹ́ inú ẹlòmíràn. Bí mo bá purọ́, kí orin mi má dùn lẹ́nu yín. Ṣé ó dùn?

Ó dùn!

Ó yá, ẹ lọ sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè yín lóde, ẹ wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó jẹ́.