Àmì Kan Tó Já Bọ́ Lára Ọ̀wọ̀

Ojú-tó-mọ̀nà-kì-í-wolẹ̀ ni orúkọ àyẹ̀wò tí a ṣe fún Ajíbọ́dẹ, akọ̀wé ààfin Òkè-Ìyeyè, ní ọdún tí kànga ìlú gbẹ, tí àwọn obìnrin ń fi igbá ha ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Mi ò ní fi oyin sí i.

Odò tó ń ṣàn wá sí Òkè-Ìyeyè gba ìlú Orísun kọjá, Olórísun, ọba ibẹ̀, sì ti sé e kí ó lè máa fi bomi rin oko tirẹ̀. Ọba Òkè-Ìyeyè ní kí Ajíbọ́dẹ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí i. Bí ìwé náà bá wọ Olórísun létí, omi yóò dé. Bí kò bá wọ̀ ọ́ létí, ìlú yóò tú.

Ajíbọ́dẹ nìkan ló mọ̀wé nílùú náà, ìlú sì mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n, nítorí kò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Kódà bó bá ń lọ wẹ̀ lódò, gègé ìkọ̀wé wà létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi yìí wúwo lọ́kàn rẹ̀, kò lè jẹun. Ó tọ Ìyá Àwẹ̀ró lọ, arúgbó tó ń fi ẹyọ mẹ́rìndínlógún wo ọ̀nà fún ènìyàn lẹ́bàá ojúbọ Ọ̀ṣun.

Ìyá Àwẹ̀ró da ẹyọ sórí àtẹ. Ó wò ó, ó tún wò ó.

"Akọ̀wé, ìwé rẹ yóò dé ibi tí ò ń rán an. Ohun tó máa wà nínú rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Rúbọ."

"Kí ni ẹbọ náà, ìyá?"

"Ìgbín méjì, ẹyẹlé funfun kan. Èyí kéré. Bí o bá kọ ìwé tán, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ. Fi ìka lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o kà á sókè bí àmì orí rẹ̀ ṣe wí, láti ìdí ìwé lọ sí orí rẹ̀. Ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́, jẹ́ kí ó sọ fún ọ. Lẹ́yìn náà ni kí ìwé kúrò nílé."

Ajíbọ́dẹ rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ dákun, Àníkẹ́ kò mọ̀wé. Ṣé òun ni yóò wá máa tún ìwé mi ṣe?"

"Ìwé ni kò mọ̀," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí. "Ó gbọ́ Yorùbá."

Ajíbọ́dẹ gbé ìgbín àti ẹyẹlé sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyókù ẹbọ há a lọ́fun. Kí òun, akọ̀wé ọba, jókòó sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé níwájú aya òun! Ojú ń tì í. Ẹ wo ìtìjú kékeré tó ń sá fún, kí ẹ tó gbọ́ èyí tó ń dúró dè é lọ́nà.

Ó kọ ìwé náà, ó gbé e sókè, ó wò ó bí ẹni ń wo àwòrán, ó ká a, ó fi ìda dí i. Àníkẹ́ ti odò ẹrẹ̀ dé, ó bi í pé, "Bàbá Ìdòwú, kí lẹ kọ sí wọn?"

"Ọ̀rọ̀ ọba ni," ló fi dá a lóhùn.

Olóyè Ọ̀tún, àgbàlagbà tó ti lé láàádọ́rin ọdún, ló mú ìwé náà lọ sí Orísun. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Olórísun. Akọ̀wé ibẹ̀ tú ìwé, ó sì kà á bí ó ṣe bá a: "Àwa ará Òkè-Ìyeyè fi ọwọ̀ ránṣẹ́ sí Kábíyèsí."

Ọ̀wọ̀ ni Ajíbọ́dẹ fẹ́ kọ. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó yẹ kí ó fi sórí ọ àkọ́kọ́ ni kò fi sí i, ọ̀wọ̀ sì di ọwọ̀, ìgbálẹ̀ lásán. Ní Orísun, ọba tí ìlú bá kọ̀, ọwọ̀ ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀, kí ó gbá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò láàfin. Ọwọ̀ ni wọ́n sì fi lé baba Olórísun lọ.

"Ọwọ̀ ọ̀hún dà?" ni Olórísun bi Ọ̀tún.

"Kábíyèsí, kí ẹ̀mí ọba gùn, a kò mú ọwọ̀ kankan dání."

"Ó dára. A ó fún yín ní ọ̀kan."

Ni wọ́n bá gbé ìgbálẹ̀ fún bàbá arúgbó náà. Ó gbá àgbàlá ààfin láti ẹsẹ̀ ìtẹ́ dé ẹnu ibodè, lójú olorì àti ẹrú. Wọ́n wá gbé ìgbálẹ̀ náà lé e lórí pé kí ó máa rù ú lọ sílé. Wọn kò ṣí omi.

Gbàgede ààfin Òkè-Ìyeyè kún nígbà tí ó dé. Ó sọ ìgbálẹ̀ náà kalẹ̀ níwájú Ajíbọ́dẹ.

"Akọ̀wé, ìwé rẹ nìyí. Ẹ̀yìn mi ni mo fi kà á."

Ajíbọ́dẹ ní irọ́ ni, ó ní ọ̀wọ̀ lòun kọ. Ó sáré mú ẹ̀dà ìwé náà tí ó tọ́jú sílé jáde láti fi já wọn nírọ́. Orí ọ àkọ́kọ́ pá borokoto. Ó wò ó títí, bóyá àmì náà á yọ. Nígbà tí ó gbójú sókè, kò sí ẹnì kan tó bú u, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Àwọn obìnrin kàn gbé igbá wọn, wọ́n padà sídìí ẹrẹ̀, Àníkẹ́ sì wà láàárín wọn. Ojú tì í débi pé kò lè bá wọn dé ọ̀nà.

Nígbà tí Àníkẹ́ délé, ó bá a ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé tuntun.

"Ìyá Ìdòwú, jọ̀ọ́, gbọ́ mi."

Ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á láti ìdí bọ̀. Ibi tí ó ti fẹ́ kọ ọ́ pé tiwa ni ẹ̀bi, Àníkẹ́ gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná. Ẹbí kẹ̀? Ẹbí ta ni?"

Ó wo ìwé. Ẹbí ló kọ lóòótọ́. Ó bo ojú, ó sunkún. Àníkẹ́ sún gègé sí i lọ́wọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú ìwé náà lọ sí Orísun, ó fi ìgbálẹ̀ ọjọ́sí kọ́ ọrùn. Wọ́n kà á tán, Olórísun kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló bá ọ wò ó?"

"Ìyàwó mi ni, Kábíyèsí. Kò mọ̀wé."

Olórísun ní kí wọ́n ṣí omi.

Láti ìgbà náà, ìwé kan kì í jáde láàfin Òkè-Ìyeyè bí Àníkẹ́ kò bá tíì gbọ́ ọ. Ọba fi Àníkẹ́ joyè, ó rí ire. Ẹni tó rú ẹbọ náà mu omi tútù, ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín kábàámọ̀. Ajíbọ́dẹ ni ẹni àkọ́kọ́, òun náà ni ẹni kejì.

Ó dàgbà, ó hu ewú, gbogbo ìlú sì ń pè é ní Bàbá Ọlọ́wọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ẹni tó ní ọ̀wọ̀, ọlọ́wọ̀ ni, ẹni tó ní ọwọ̀, ọlọ́wọ̀ náà ni. Àmì kan náà ni, ohùn kan náà ni. Bí wọ́n bá kí i lọ́nà, á dáhùn, á sì wolẹ̀, nítorí kò mọ èyí tí wọ́n ń pe òun, ojú kò sì jẹ́ kí ó béèrè.