Ìdí tí Ìgbín Fi Ń Dí Ẹnu Ilé Rẹ̀ Pa Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ gbé ọkọ́ yẹn sílẹ̀ ná. Oyèbọ̀dé, ìwọ ni mò ń bá wí, gbé e sílẹ̀. Òjò rọ̀ lánàá, mo gbọ́. Òjò tí kò kún igbá tí adìẹ fi ń mumi, òun lẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀ lọ bo àgbàdo mi mọ́lẹ̀? Lọ́dọọdún ni mò ń sọ ọ́, lọ́dọọdún lẹ ń di etí. Ẹ jókòó, kí n sọ ohun tójú ìgbín rí fún yín.

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko àtẹyẹ ń dáko, ilé ìgbín kò ní ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, gbayawu ni ẹnu rẹ̀ máa ń wà. Ìgbín kì í sáré, ṣùgbọ́n àyà ló fi ń wọ́ nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ilẹ̀ tó o. Bí ilẹ̀ bá tutù lókè tó gbẹ nísàlẹ̀, á mọ̀. Ìyẹn ni gbogbo wọn ṣe ń bi í léèrè bóyá àkókò àtigbìn ti tó.

Ìbéèrè ò burú. Àmọ́ kí èèyàn máa béèrè ohun kan náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ṣé ìyẹn náà dáa? Kí ojú ọ̀run ṣáà ti ṣú díẹ̀, Àparò á ti dé.

"Àgò onílé o."

"Àgò yà," ni Ìgbín á wí.

"Ìyá wa, ṣé ká gbìn?"

"Ẹ má gbìn. Ọyẹ́ ò tíì lọ."

Àparò ò ní tíì délé tí Ọ̀kẹ́rẹ́ á fi kágò. Ìbéèrè kan náà. Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá lọ, Àparò á tún padà wá, bóyá ìdáhùn ti yí padà. Ìgbín ò sì lè dákẹ́ sí wọn, torí ọmọlúwàbí tí wọ́n bá kágò fún gbọ́dọ̀ dáhùn.

Òkété ló wá burú jù. Ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ebi èṣí sì ti fojú wọn rí màbo. Igbá irúgbìn kan ló kù nílé, ara ń kán an láti gbìn ín.

Lọ́jọ́ kan, òjò kan ṣàdédé já láàárín ọyẹ́. Eruku ló pa, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbín ń sùn jẹ́jẹ́ nígbà tí Òkété sáré dé.

"Àgò onílé o. Àgò o, Ìyá wa. Mo ní àgò."

Oorun ń kun Ìgbín lójú. Ó yọ orí síta, ó na ìwo sókè, ó ní, "Àgò yà, ta nìyẹn?"

Òkété ò dúró gbọ́ ìyókù. Bó ṣe rí orí Ìgbín níta, ó rò pé òjò ló pè é jáde. Ó ti dójú ọ̀nà, ó ń pariwo pé, "Ìgbín ti jáde o, ẹ wá gbìn." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Gbogbo wọn sáré bo irúgbìn mọ́lẹ̀. Àgbàdo hù lóòótọ́, ó yọ ewé méjì méjì, wọ́n sì ń yọ̀. Àfi bí ọyẹ́ tí wọ́n ní ó ti lọ ṣe padà dé. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ fẹ́, oòrùn mú, ilẹ̀ sán, gbogbo èéhù rọ, wọ́n sì kú.

Wọ́n kóra jọ, wọ́n lọ bá Ìgbín. Àparò ló ṣíwájú.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká gbìn."

"Èmi? Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òkété rí yín níta."

"Ó kágò, mo dáhùn. Ṣé ẹni tó dáhùn àgò ló gbin àgbàdo?"

Wọ́n kùn, wọ́n bú u, wọ́n lọ. Òkété nìkan ló dúró, ó ń sunkún.

"Ìyá wa, ẹ má bínú, ẹnu mi ló fà á. Ẹ̀kúnwọ́ kan ló kù sí ìdí igbá mi. Bí èyí náà bá kú, kò sóhun tí àwọn ọmọ mi máa jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni kí n gbìn ín?"

Ìgbín mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ wo ni mo fẹ́ sọ? Ilẹ̀ ló ń sọ ọ́, èmi kọ́. Ó ti sú mi. Àgò sú mi, ìbéèrè sú mi, gbogbo yín pátá lẹ sú mi."

Ló bá fi omi ara rẹ̀ po nǹkan funfun bí ẹfun, ó ń fi í rẹ́ ẹnu ilé rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dí, ó sọ̀rọ̀ látinú ilé.

"Ẹ kágò títí ohùn yín á fi há, n ò ní dáhùn mọ́. Ilẹ̀ tó bá tutù dénú nìkan ló lè mú kí ilẹ̀kùn yìí rọ̀. Ọjọ́ tó bá rọ̀ tí mo sì fúnra mi jáde, kó o gbìn."

Ó rẹ́ ìyókù pa.

Òkété jókòó sẹ́nu ilé náà, ó gbé igbá sí itan. Òjò kékeré tún já. Àwọn tí irúgbìn díẹ̀ kù lọ́wọ́ wọn tún sáré lọ gbìn ín, torí ẹni tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀, ìgbà wo ni yóò gbọ́? Òkété wo ilẹ̀kùn. Ó ṣì funfun, ó ṣì le. Àwọn ọmọ ń ké ebi lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè kó kan ilẹ̀kùn, ó rántí, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Oòrùn sì pa ti àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó yá, òjò gidi dé. Ó rọ̀ ṣúlẹ̀, ó rọ̀ mọ́jú, omi wọ inú ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn ẹfun rọ̀, ó já bọ́, Ìgbín yọrí jáde. Ó bá Òkété nínú òjò níbẹ̀, tó fi àyà bo igbá, tó ń wojú rẹ̀.

Ìgbín wò ó títí. Ó ní, "Kí lò ń wò mí fún? Lọ gbìn ín."

Èyí hù, kò sì kú. Oko Òkété nìkan ni wọ́n ti ká àgbàdo lọ́dún náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Àparò àti Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wá tọrọ irúgbìn.

Láti ọjọ́ náà ni ìgbín ti ń dí ẹnu ilé rẹ̀ pa pẹ̀lú ẹfun bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí kò sì sí ariwo tó lè pè é jáde, àfi òjò tó bá rọ̀ dénú ilẹ̀.

Oyèbọ̀dé, ìgbín kan wà nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Lọ wo ẹnu rẹ̀. Bó bá ṣì funfun, má wá bi mí ní nǹkan kan. Èmi náà ń wọlé lọ, mo sì ń ti ilẹ̀kùn.